Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a fẹ́ háyà kẹ̀kẹ́ ní Hội An, ní Vietnam

Ọmọ Èkó ní Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ti dé Vietnam ni mo ń wá. Ní oṣù March tó ń bọ̀, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń lọ sí Đà Nẵng, Hội An la sì ti máa sùn. Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń wọlé, kò sì gba físà tí a kò bá ju ọjọ́ 45 lọ, nítorí náà ìyẹn ti yanjú.

Bí a ṣe máa rìn nínú ìlú náà ló kù. Mi ò fẹ́ kí a tò tẹ̀ lé amọ̀nà àlejò tó na àsíá sókè, tí yóò máa sọ fún wa pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ní níbí, ó yá, ẹ wọ ọkọ̀. Mo fẹ́ kí a dúró níbi tó bá wù wá, kí a sì kúrò nígbà tó bá wù wá. Ẹni tí mo bá bi ní kẹ̀kẹ́ ni kí a háyà. Ó dáa, ṣùgbọ́n níbo la ti ń rí i? Èló ni? Ṣé wọ́n á ní kí a fi ìwé ìrìnnà dógò? Ọ̀nà wo ló sì dáa kí a gbà? Ìyàwó mi mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa. Ọmọ náà ń gùn ún ní páàkì, ṣùgbọ́n kò tíì gùn ún láàárín ọkọ̀ rí, ẹ̀rù alùpùpù ló sì ń bà mí jù.

Olùkọ́ Đà Nẵng

Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n. Đà Nẵng ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, mo sì máa ń sá lọ sí Hội An lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣiyèméjì, kẹ̀kẹ́ ló bá ìlú yẹn mu. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú láti etí odò Thu Bồn títí dé etí òkun, kò sí òkè tó máa mú yín mí hẹlẹ. Láti ìlú àtijọ́ dé etíkun An Bàng, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ni. Etíkun Cửa Đại tó bíi márùn-ún. Ẹ ti jáde kúrò nínú ìlú, ẹ ti gba àárín oko ìrẹsì kọjá, ẹ ti débi òkun, wákàtí kan kò tíì pé.

Kí ẹ tó wá ibi tí wọ́n ti ń háyà, ẹ kọ́kọ́ bi ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò níbẹ̀, pàápàá èyí tí ìdílé kan ń bójú tó fúnra wọn, ló ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò síwájú ilé fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí tiwọn kò bá dára, ẹ máa rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí wọ́n kọ «cho thuê xe đạp» sí. Ọjọ́ kan máa ń jẹ́ 30,000 sí 50,000 đồng, ìyẹn bíi dọ́là kan sí méjì. Kẹ̀kẹ́ oní-gíà tí wọ́n fi ń gun òkè wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe nínú ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó ní apẹ̀rẹ̀ níwájú ni kí ẹ mú, kí ẹ rí ibi kó omi àti ẹ̀wù òjò sí.

Ẹ má fi ìwé ìrìnnà dógò fún ẹnikẹ́ni. Ilé tí ẹ wọ̀ sí máa wò ó láti forúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, òfin ilẹ̀ wọn nìyẹn, ẹ sì gbà á padà. Ẹni tó ń háyà kẹ̀kẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹ ya àwòrán ojú ewé tí fọ́tò yín wà sínú fóònù, ẹ sọ orúkọ ilé tí ẹ wọ̀ sí, tàbí kí ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Tó bá takú pé ìwé ìrìnnà lòun fẹ́, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹlòmíràn wà ní ilé kẹta sí i.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ fara balẹ̀ wo owó bébà wọn. Ogún ẹgbẹ̀rún đồng, èyí tí àwòrán afárá àtijọ́ Hội An, Chùa Cầu, wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ búlúù ló ní. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náà, búlúù ni. Nínú iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ó rọrùn kí ẹ na èyí tó tó kẹ̀kẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sí ẹni tó ń ta omi ìrèké. Ẹ ya 500,000 sọ́tọ̀ nínú póòṣì kí ẹ tó jáde.

Ti alùpùpù, mi ò ní tàn yín, wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Hội An wọn kì í sáré bí èyí tó wà ní ìlú ńlá. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà, bíi ti Nàìjíríà, kì í ṣe òsì bíi ti Lọ́ńdọ̀nù tí ọmọ náà mọ̀. Ẹ kọ́ ọ létí ìyẹn lójoojúmọ́ kó tó gorí kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fọn fèrè lẹ́yìn yín, wọn kò bínú. Wọ́n ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ń kọjá lọ ni. Ẹ máa lọ tààrà, ẹ má ṣàdédé yà, ẹ má dúró lójijì. Àwọn ló máa wá ibi gbà.

Alátùn-únṣe Ìbàdàn

Mi ò tíì dé Vietnam, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni mo fi ń jẹun ní Ìbàdàn, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń háyà káàkiri ìlú kò sì yàtọ̀ níbi kankan. Ẹni púpọ̀ ló ti gùn ún, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ bíi tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Bíréèkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ ti iwájú, kí ẹ wá ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Táyà iwájú kò gbọdọ̀ yí. Ẹ tẹ ti ẹ̀yìn, ẹ ti í. Bí ọwọ́ bíréèkì bá wọlé títí tó fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó tó mú, ẹ dá a padà fún onítọ̀hún kó fún wáyà rẹ̀ le, tàbí kí ẹ mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, ẹ yí táyà, ẹ fetí sílẹ̀. Bó bá ń ha nǹkan, tàbí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, irin inú táyà ti tẹ̀ nìyẹn, yóò máa fà yín sẹ́yìn lọ́nà. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ táyà, kò yẹ kó rọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti la. Níbi tí oòrùn bá ti ń pa kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, rọ́bà táyà kì í pẹ́ gbó.

Ṣéènì tó ti dípẹtà máa ń ké. Kò burú fún ìrìn kúkúrú, ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ tó sì ń fò bọ́ sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ibi ìjókòó wá ni ohun tí àwọn ènìyàn kì í kà sí, òun ló sì ń dá orúnkún àwọn ènìyàn lóró. Ẹ jókòó, kí ẹnìkan di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ na tán. Bí orúnkún bá ká, ìjókòó ti kéré jù. Ẹ ní kó fi sípánà gbé e sókè. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ má tijú láti béèrè, ẹ̀yin lẹ máa gùn ún.

Ó ku àgádágodo. Àwòrán kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ tí mo ti rí, ọ̀pọ̀ ló ní èyí tó yí táyà ẹ̀yìn ká, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í yọ àyàfi tí ẹ bá tì í. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ni ín. Kí ẹ sì ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà, pẹ̀lú àmì tàbí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ìlò méjì ni fọ́tò yẹn ní: bí wọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ ha á lára, ẹ ní ẹ̀rí, bí ẹ bá sì dé ibi tí ọgọ́rùn-ún kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ kan náà dúró sí, ẹ máa dá tiyín mọ̀.

Ìyá Ìbejì

Alátùn-únṣe, ọlọ́run á máa bù sí i fún ọ. Ọ̀rọ̀ ìjókòó yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún yẹ kó há a sórí.

Ọmọ Èkó, àbúrò mi, mo bá ọmọ mi lọ sí Hội An, mo sì gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ìró mi, nítorí èyí tí irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù. Kò sí pé à ń gbé ẹsẹ̀ sókè. Ohun tí mo rí ni pé kẹ̀kẹ́ wọn kò ga. Ọmọ mi ọkùnrin ga, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ pé o ga, sọ fún wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú pé èyí tó tóbi jù lo fẹ́, kí wọ́n bá ọ wá a.

Àsìkò ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ jáde. Ní March, nǹkan bí aago mẹ́fà ni oòrùn ń yọ. Afẹ́fẹ́ ṣì tutù, àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà ti wà lójú pópó pẹ̀lú ẹrù ẹ̀fọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tiwọn, ọkọ̀ àwọn àlejò kò sì tíì dé láti Đà Nẵng. Tó bá di aago mọ́kànlá, ẹ wá ibòji. Àwọn onílé gan-an ń sùn lọ́sàn-án, ẹ̀yin náà ẹ sùn. Ẹ tún jáde ní aago mẹ́rin. March kò le tó June sí August, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni o ń mú lọ, oòrùn ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lọ́wọ́ gígùn. Fìlà ewé wọn, nón lá, dára púpọ̀, ó ń bo ojú àti ọrùn, ṣùgbọ́n kí okùn abẹ́ àgbọ̀n wà lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn etí òkun á gbé e lọ.

Fún ọmọ, mú akoto rẹ̀ láti ilé. Òfin ibẹ̀ mú akoto ní dandan fún alùpùpù, kò mú un fún kẹ̀kẹ́, nítorí náà àwọn tó ń háyà kẹ̀kẹ́ kì í sábà ní in. Kí ìyàwó rẹ máa lọ níwájú, kí ọmọ wà láàárín, kí ìwọ wà lẹ́yìn, kí o sì yọ díẹ̀ sí apá àárín títì jù ú lọ, kó jẹ́ pé ìwọ ni alùpùpù máa kọ́kọ́ rí.

Arìn-Jìnnà

Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú ti sọ ti kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà, nítorí mo ti rí àwọn tó háyà kẹ̀kẹ́ tán tí wọ́n kàn ń yí po láàárín ìlú àtijọ́, tí wọ́n ń ti ara wọn láàárín èrò. Hội An tí kẹ̀kẹ́ wúlò fún kò sí nínú ìlú àtijọ́. Ìta ló wà.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, ẹ gba òpópónà Hai Bà Trưng lọ sí àríwá. Ilé á máa dínkù títí oko ìrẹsì á fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní March ìrẹsì náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, ìkórè di bí April ń parí lọ. Ẹ máa rí ẹfọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀bá oko, ẹ máa rí lékeléke tó tò sórí ebè. Lékeléke wa náà ni o! Ẹ kọ́ ọmọ yín ní orin tí àwa fi ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a wà léwe, kó kọ ọ́ sí wọn níbẹ̀.

Ọ̀nà tóóró kan wà tó ya kúrò ní òpópónà yẹn wọ inú oko lọ, àmì wà níbẹ̀. Ẹ yà. Ibojì oníṣòwò ará Japan kan, Tani Yajirobei, ló wà láàárín ìrẹsì. Ọdún 1647 ló kú. Nígbà ayé rẹ̀, Hội An jẹ́ èbúté ńlá tí àwọn ará Japan, Ṣáínà àti àwọn òyìnbó ti ń pàdé ṣòwò, àwọn ará Japan sì ní àdúgbò tiwọn níbẹ̀. Ìjọba Japan wá ti ìlẹ̀kùn, wọ́n ní kí ará ilé má lọ ṣòwò lókè òkun mọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n pe ọkùnrin yìí padà sílé, ṣùgbọ́n ó tún gbéra wá sí Hội An nítorí obìnrin tó fẹ́ràn, ibẹ̀ ló sì kú sí. Wọ́n kọ ojú ibojì rẹ̀ sí ìhà àríwá òun ìlà oòrùn, síbi tí Japan wà. Ọkọ̀ ńlá kò lè dé ibẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé àsíá kì í sì í yà síbẹ̀. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń bá a pàdé, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo tẹ́ńpìlì tó wà nínú ìlú lọ.

Láti ibẹ̀, abúlé Trà Quế kò jìnnà. Ẹ̀fọ́ àti ewé olóòórùn ni wọ́n ń gbìn: míńtì, ìbátan ẹfirin wa, àlùbọ́sà eléwé, lórí ebè kékeré kékeré tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ewé odò tí wọ́n ń kó láti inú omi tó yí wọn ká ni wọ́n fi ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Ẹ máa rí àgbẹ̀ tó gbé igi lé èjìká, tí garawa oníhò wà ní ìkangun méjèèjì, tó ń wọ́n omi sí ebè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2024, àjọ ìrìn-àjò ti ìparapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kà á mọ́ àwọn abúlé tó dára jù lágbàáyé fún àbẹ̀wò. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ gba àárín ebè. Ọ̀nà ibẹ̀ kò fẹ̀, oko ènìyàn sì ni.

Ọjọ́ kejì, ẹ gba afárá Cẩm Kim sọdá odò sí erékùṣù tó wà ní ìkọjá. Nígbà kan ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé ènìyàn lọ. Abúlé Kim Bồng wà níbẹ̀, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ń jogún, àwọn bàbá wọn ló ṣe igi àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wá wò ní ìlú àtijọ́. Wọ́n tún ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú dé Duy Vinh, ẹ máa bá àwọn tó ń hun ẹní, ènìyàn méjì sídìí òfì kan. Kò sí ohun tí wọ́n ń tà fún yín tipátipá. Erékùṣù yìí ni mo máa ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá ti kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́, nítorí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá.

Thanh Hà tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò wà ní ìwọ̀ oòrùn, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Ọmọdé máa ń gbádùn rẹ̀. Cẩm Thanh, níbi igbó ọ̀pẹ inú omi àti ọkọ̀ rìbìtì tí wọ́n fi ọparun hun, rẹwà ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba ibẹ̀ kan.

Mỹ Sơn, ahoro tẹ́ńpìlì àwọn ẹ̀yà Chăm, ẹ má fi kẹ̀kẹ́ lọ. Bíi ogójì kìlómítà ni.

Ọmọ Èkó ní Peckham

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti ibojì yẹn fún ìyàwó mi, ó ní ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì mà, a ó mú akoto dání.

Ìbéèrè méjì ló kù. Bí a bá dé etíkun, ibo la ń gbé kẹ̀kẹ́ sí? Mo kà á pé àwọn kan máa ń dáni dúró lọ́nà. Èkejì ni ti alẹ́: ṣé a lè gùn ún lọ wo àtùpà tí wọ́n ń tàn nínú ìlú àtijọ́?

Olùkọ́ Đà Nẵng

Òótọ́ lẹ kà. Bí ẹ bá ń súnmọ́ An Bàng, ẹ máa rí àwọn tó bọ́ sójú ọ̀nà, tí wọ́n ń juwọ́ pé ọ̀nà ti parí, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Kò tíì parí. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ mi orí, ẹ máa lọ. Níwájú, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ etí òkun ló ń jẹ́ kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sọ́dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá máa jẹun tàbí mu nǹkan níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti gba owó, kò yẹ kó ju 5,000 sí 10,000 đồng lọ. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á fún yín ní ìwé pélébé kan tàbí kí wọ́n fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ìjókòó. Ẹ má sọ ìwé yẹn nù, òun ni wọ́n fi ń gba kẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí àlejò kì í mọ̀: láti ọjọ́ kìíní January 2020, òfin Vietnam kò gba ọtí kankan lára ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì kan ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Ìtanràn wà fún un. Bí ẹ bá mu bíà létí òkun, kẹ̀kẹ́ yẹn di ohun tí ẹ ń tì lọ sílé.

Dúró-o-Wò

Lórí ti alẹ́, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílé. Wọ́n máa ń dínà mọ́ ọkọ̀ àti alùpùpù nínú ìlú àtijọ́ láàárọ̀, àti láti ọ̀sán títí wọ alẹ́. Kẹ̀kẹ́ lè wọlé, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, èrò tó wà ní òpópónà Trần Phú àti ti Bạch Đằng létí odò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Ẹ máa kàn tì í bọ inú èèyàn ni.

Arìn-Jìnnà

Mo gbà fún Dúró-o-Wò ní ti inú ìlú àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé tí ẹ wọ̀ sí bá wà lẹ́yìn ìlú, kẹ̀kẹ́ ṣì ni mo máa gùn dé ẹnu ọ̀nà, kí n gbé e sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí n wá fẹsẹ̀ rìn wọlé. Padà sílé lẹ́yìn náà kò nira, bí iná bá wà lára kẹ̀kẹ́. Bí kò bá sí, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì kékeré méjì, ọ̀kan iwájú, ọ̀kan ẹ̀yìn. Ọ̀nà àárín oko kò ní iná títì.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni àkókò tó dáa láti gun kẹ̀kẹ́ nínú ìlú àtijọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn ni mo wo Chùa Cầu tí kò sẹ́nìkan níwájú rẹ̀. Wọ́n parí àtúnṣe ńlá tí wọ́n ṣe sí i ní August 2024, àwọ̀ rẹ̀ ti padà mọ́lẹ̀.

Dúró-o-Wò

Bẹ́ẹ̀ ni, ti aago mẹ́fà yẹn, a jọ gbà. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di aago mẹ́jọ.

Ọmọ Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Oṣù October ni èmi ní ìsinmi. Ṣé mo lè ṣe irú ìrìn yìí?

Olùkọ́ Đà Nẵng

Ọmọ Kétu, bó bá ṣeé ṣe, ẹ sún un. October àti November ni òjò àti ìjì ń pọ̀ jù ní àgbègbè yìí, odò Thu Bồn sì máa ń kún wọ ìlú. Ní òpin October 2025, omi bo òpópónà ìlú àtijọ́ débi pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ènìyàn. Bí ẹ kò bá ní àkókò mìíràn, ẹ má sanwó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, ẹ máa wo ojú ọjọ́ lójoojúmọ́, ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́ wọnú omi tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ihò gọ́tà lè wà níbẹ̀. February sí May ló tura jù fún kẹ̀kẹ́. Kìkì pé tó bá bọ́ sí ọdún tuntun wọn, Tết, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà á ti ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyá Ìbejì

Mo rántí nǹkan kan. Táyà ọmọ mi jò lójú ọ̀nà Cửa Đại. Kò pẹ́ tí a rí bàbá kan tó jókòó sẹ́bàá títì pẹ̀lú agbada omi àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, bí àwọn fọkanáísà wa gẹ́lẹ́. Ó yọ rọ́bà inú, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó rí ibi tó ti ń hó, ó lẹ̀ ẹ́. Owó tó gbà kò tó nǹkan. Kí ni wọ́n máa ń kọ sí ibi ìjókòó wọn, Olùkọ́?

Olùkọ́ Đà Nẵng

«Sửa xe» ni, mà, tàbí «vá xe» fún ẹni tó ń lẹ táyà, «bơm» fún ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà mìíràn wọn kì í kọ nǹkan kan, táyà àlòkù kan ni wọ́n máa gbé kọ́ igi. Kí ẹ̀gbọ́n sì fi nọ́ńbà ẹni tó háyà kẹ̀kẹ́ fún un pamọ́ sínú fóònù. Àwọn mìíràn máa gun alùpùpù wá pàárọ̀ rẹ̀ fún un níbi tó wà.

Ọmọ Èkó ní Peckham

Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ọmọ mi kéré fún kẹ̀kẹ́ àgbà. Ṣé wọ́n ní ti ọmọdé?

Alátùn-únṣe Ìbàdàn

Ọmọ ọdún mẹ́wàá, táyà íǹṣì 24 ló máa bá a mu bó bá ga díẹ̀, 20 bó bá kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ nígbà tó bá jókòó, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì mọ́ ọn lára láti gùn ún láàárín ọkọ̀.

Olùkọ́ Đà Nẵng

Wọ́n ní in, ṣùgbọ́n kò pọ̀ bíi ti àgbà, nítorí náà ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ilé tí ẹ ti sanwó rẹ̀ báyìí, ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ àti gíga rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà ránṣẹ́. Bí wọn kò bá ní, wọ́n á bá yín yá a lọ́dọ̀ aládùúgbò, ìyẹn kì í ṣòro fún wọn. Tí fọ́tò bá ti dé, ẹ gbé e síbí kí Alátùn-únṣe bá wa wo bíréèkì rẹ̀.